Ẹsẹ̀ Òsì, Jíà Kẹrin

5

…tà-tà. Méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tó dé kọ́nà ilé ìkàwé. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn, ìka mi kankan ò fa nǹkan kan. Mo wo ibi tí nọ́ńbà jíà ti ń tàn. Márùn-ún ti di mẹ́ta.

Èmi kọ́ ni mo pààrọ̀ ẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kì í jẹ́ kí jíà sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Ṣé arúgbó ni mí, tí màá máa fọgbọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?"

Ọjọ́ kọkàndínlógójì rèé tí a ti sin ín.

Mo páàkì. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní, "O ṣé o." Mo wá rántí ara mi, mo pòṣé.

&nbsp;

6

Kí n tó lọ jìnnà: nọ́ńbà tí mo ń kọ sókè yìí kì í ṣe ti ojú ewé. Ti jíà ni. Bí àyà mi bá ṣe ń sáré sí ni mo ṣe ń kọ ọ́. Tí ẹ bá rí R, ẹ̀yìn ni mò ń lọ; N, mi ò sí nínú jíà kankan. Tí mo bá fo mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ò pọ̀.

BÀBÁ. Bàbá wa. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ wọn ń pè wọ́n ní Bàbá Kílọ́ọ̀ṣì.

ELÉYÍN. Ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ṣe fáàrí bíi pé ogún ni. Ó ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín ẹnu wọn ti ká.

ÌYÀWÓ WA. Ìyàwó Eléyín.

Ọ̀GÁ JÍÀ. Mẹkáníìkì. Jíà nìkan ló ń tún ṣe. Tí táyà ẹ bá jò níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, á ní kí o lọ wá onítáyà.

ÈMI. Tíṣà. Bàbá ni mo bá ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà.

Àti ọkọ̀ náà. Ìjókòó méjì, ó lọ sílẹ̀ débi pé o máa bẹ̀rẹ̀ kí o tó wọ̀ ọ́, àwọ̀ eérú, ohùn bí ẹni tó ń ha ọ̀fun. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì máa ń tẹ̀ kí jíà tó yí. Bíréèkì àti tọ́tù nìkan ló wà nílẹ̀. Tí o bá fẹ́ pààrọ̀ jíà fúnra ẹ, ewé irin méjì wà lẹ́yìn sítíárìn, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Fa ti ọ̀tún, jíà á gòkè. Fa ti òsì, á sọ̀kalẹ̀. Tí o ò bá fa ìkankan, ọkọ̀ á pààrọ̀ fúnra ẹ̀.

Etí ni Eléyín ń pè wọ́n. "Fà á létí, Tíṣà. Á gbọ́ràn ju ọmọ ẹni lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi wà á.

&nbsp;

7

ÀKỌSÍLẸ̀ ẸRÙ TÍ A BÁ NÍNÚ ỌKỌ̀, TÍ A SÌ FI LÉ ẸBÍ LỌ́WỌ́

    Awò òòrùn kan, ojú kan ti fọ́
    Agbòòrùn ọmọdé kan
    Ìwé àṣẹ ìwakọ̀
    Páálí kékeré kan, eyín òkè mẹ́fà wà nínú ẹ̀
    Bàtà ọkùnrin, ẹsẹ̀ méjèèjì
    Káàdì kámẹ́rà iwájú ọkọ̀: a kò rí i

*Ẹni tó gba ẹrù:* èmi. Mo fọwọ́ sí i.

Káàdì tí wọn ò rí, inú bàtà òsì mi ló wà, lábẹ́ gìgísẹ̀. Mo dúró lé e lórí nígbà tí mo ń fọwọ́ síwèé.

Ó ṣì wà níbẹ̀.

&nbsp;

6

ṢỌ́Ọ̀BÙ Ọ̀GÁ JÍÀ. Mo fi fóònù gba ohùn wa sílẹ̀.

ÈMI: Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ń ṣe bí ẹni tó ti kú.

Ọ̀GÁ JÍÀ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, àǹtí.

ÈMI: Ó ń já jíà sílẹ̀ ní méjì-méjì. Níbi tó máa ń já a sílẹ̀ gan-an.

Ọ̀GÁ JÍÀ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ jókòó. Ẹ̀yìn ni tírélà yẹn ti gbá a lọ́jọ́ ìjàǹbá, àbí? Iwájú ni ẹ́ńjìnnì àti jíà wà. Ẹ̀yìn ni wọ́n tún ṣe, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan jíà. Jíà ọkọ̀ yìí ní ọpọlọ. Á máa wo bí awakọ̀ ṣe ń tẹ tọ́tù, bó ṣe ń wọ kọ́nà, ìgbà tó ń fa etí. Á kọ́ gbogbo ẹ̀. Tó bá yá, tí awakọ̀ ò bá tiẹ̀ fà á mọ́, á ti mọ ohun tó ń fẹ́.

ÈMI: Bí ìyàwó ilé.

Ọ̀GÁ JÍÀ: (ó rẹ́rìn-ín) Ìyàwó ilé tó gbọ́n. Torí náà, kì í ṣe òkú. Ìmọ̀ ni.

ÈMI: Ìmọ̀ ta ni?

Ọ̀GÁ JÍÀ: (ó mú aṣọ, ó ń nu ọwọ́)

ÈMI: Ṣé bó ṣe máa wà lọ nìyẹn?

Ọ̀GÁ JÍÀ: Rárá o. Ó ti ń kọ́ ẹ̀yin náà. Ìgbà tí ẹ bá wà á, á gbàgbé díẹ̀ nínú ti ẹ̀gbọ́n yín, á mú díẹ̀ nínú tiyín. Tí ẹ bá fẹ́ kó tètè gbàgbé, ẹ gbé e wá. Kọ̀ǹpútà ni. Kí ẹ tó ka mẹ́wàá, ó ti nù ún tán.

ÈMI: Tí mi ò bá fẹ́ kó gbàgbé ńkọ́?

Ọ̀GÁ JÍÀ: Ẹ má wà á nìyẹn.

ÈMI: Tí mi ò bá wà á, báwo ni màá ṣe rí i?

Ọ̀GÁ JÍÀ: Àǹtí. Ẹ lọ jẹun.

&nbsp;

5

Bí mo ṣe ń wà á láti ìgbà tó ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tún un ṣe:

    Ọjọ́ Ajé       kìlómítà mẹ́rin    tà-tà ní kọ́nà mẹ́ta
    Ọjọ́ Ìṣẹ́gun    kìlómítà mẹ́rin    tà-tà ní kọ́nà mẹ́ta
    Ọjọ́rú         kìlómítà mẹ́rin    tà-tà ní kọ́nà méjì

Irọ́ ni. Lọ́jọ́rú, mọ́kànlélógún ni mo wà. Mo ní kí n yí padà, ọwọ́ mi ò gbà. Kọ́nà ilé ìkàwé ló kọ́kọ́ gbàgbé ẹ̀. Mo dé ibẹ̀, ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi. Èmi nìyẹn. Mo sunkún débi tí ẹnì kan fi kan gíláàsì, tó ní ṣé mo ń wá adírẹ́sì ni.

&nbsp;

6

Ìyàwó wa, lórí fóònù:

> Àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ gbé orogún mi wá sílé.

(Orogún ló ń pe ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí Eléyín ti rà á. Á ní, "Ẹni tí wọ́n ń nù lára láràárọ̀, tí wọn ò nu èmi.")

> Oníbàárà tó ra ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí Ọ̀gá Jíà bá òun nu ọpọlọ ẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ ọkọ̀ tó ti mọ ọkọ ẹlòmíì.

> Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ yẹn. Ẹ má bínú.

> Bàbá ò jẹun láti àná. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lè gbọ́ tiyín.

Èsì mi:

> ~~Ìyàwó wa, lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo~~

> ~~Ìyàwó wa, jókòó, mo fẹ́ sọ~~

> Ó dáa.

&nbsp;

3

ÀBỌ̀ ÌWÁDÌÍ LÓRÍ ÌJÀǸBÁ ỌKỌ̀, ojú ewé kejì

*Ọkọ̀ ń sáré ààdọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan. Jíà: kẹrin. Awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá lójijì. Kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí àyè dúró. Èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sọ pé òun kò rántí nǹkan kan.*

*Ohun tí a rò: ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ yìí kò ní, bíréèkì ló bá. Irú àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lára* *ẹni tí wọ́n ti fi ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì kọ́ láti kékeré.*

Bàbá ló fi bírò pupa fa ìlà sídìí ìyẹn. Bírò tí wọ́n fi ń máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wo bí ìwé ṣe ń pa èèyàn. Kò dárúkọ Bàbá. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé Bàbá wà láyé. Bàbá ka ìlà yẹn, wọ́n jókòó. Wọn ò tíì dìde dáadáa títí di òní.

&nbsp;

2

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa rèé.

Àpótí ìdáná. Ọmọrí agolo mẹ́ta nílẹ̀. Ti òsì ni kílọ́ọ̀ṣì, ti àárín ni bíréèkì, ti ọ̀tún ni tọ́tù. Eléyín jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi jẹ́ méje. Ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀, wọ́n fi ìwé tẹlifóònù kún ilẹ̀ fún mi.

Ẹnu Bàbá ni ẹ́ńjìnnì. *Vuuuu.* Á máa gòkè. *VUUUUU.* Tó bá ti di igbe, wọ́n á pariwo: "Kílọ́ọ̀ṣì!" Ẹsẹ̀ òsì á balẹ̀. Tí ẹsẹ̀ ẹ bá pẹ́, ìkó á bà ẹ́ lórí.

Ẹ́ńjìnnì kígbe, ọ̀rọ̀ kan, ẹsẹ̀ òsì.

Ẹ́ńjìnnì kígbe, ọ̀rọ̀ kan, ẹsẹ̀ òsì.

Ojoojúmọ́, ṣáájú oúnjẹ alẹ́, títí tí kò fi sí èrò nínú ẹ̀ mọ́. Bàbá ní, "Ẹsẹ̀ tó bá ń ronú, ẹsẹ̀ tó máa fọ́ jíà ni."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ kọ́ ọkọ̀ tuntun yẹn. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ kọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀. Ó máa ń bọ́ bàtà òsì, á ká ẹsẹ̀ yẹn sábẹ́ ìjókòó kó tó gbéra, bí ẹni tó ti ajá mọ́lé torí àlejò.

&nbsp;

3

Lójú géètì wa:

> ÌKÉDE
>
> ILÉ Ẹ̀KỌ́ AWAKỌ̀ YÌÍ TI KÓGBÁ WỌLÉ.
> ẸNI TÍ Ẹ̀KỌ́ RẸ̀ KÒ TÍÌ PARÍ, KÓ MÁ BÍNÚ.
> KÓ LỌ KỌ́ LỌ́DỌ̀ ẸNI TÓ SÀN JÙ MÍ LỌ.
> Ẹ MÁ KAN ILẸ̀KÙN.
>
> BÀBÁ ~~KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ~~

Lórí tábìlì wọn, orúkọ 2,114 nínú ìwé aláwọ̀ búlúù. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti kọ́ rí. Wọ́n ń fọwọ́ kọ̀wé sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

> *Ọmọ mi,*
>
> *Ìwọ ni nọ́ńbà 212 nínú ìwé mi. Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ọkọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, tí o bá wọ ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, bọ́ bàtà òsì ẹ, kí o ká ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ìjókòó, kó má baà rántí mi. Ohun tí mo kọ́ ẹ ló pa ọmọ mi. Má jẹ́ kó pa ìwọ náà.*
>
> *Dárí jì mí.*

Èmi ni wọ́n ń rán lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Mi ò tíì fi ìkankan ránṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ wà nínú búùtù ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ni, igba ó lé méjìlá.

Ọ̀rọ̀ kan ló máa dá ọwọ́ wọn dúró. Ẹnu mi ló wà.

&nbsp;

4

&nbsp;

&nbsp;

(Ẹ jọ̀ọ́. Ó ku díẹ̀.)

&nbsp;

3

Fóònù Eléyín dún nínú dúrọ́ọ̀. Ìyá àgbà kan. Ó ní, "Eyín mi ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó rèé! Ṣé èrìgì lásán ni mo máa fi ya fọ́tò ni?"

Mo gbé páálí yẹn lọ bá a. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó fi eyín mẹ́fà yẹn sẹ́nu, ó wo dígí, ó fi ahọ́n tọ́ wọn wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó bá a mu bí ẹni pé inú ẹnu ẹ̀ ló ti hù.

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ yìí, kò lẹ́gbẹ́. Bá mi kí i o."

"Wọ́n á gbọ́, mà."

Mo dé ìdí ọkọ̀, mo bá a kí i.

&nbsp;

R

KÁÀDÌ KÁMẸ́RÀ. Aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Ojú ọ̀nà tó lọ sí kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà. Èmi ni mo dà á kọ. Ibi tí mo kùn ní dúdú, èmi náà ni mo kùn ún.

AWAKỌ̀: Wò ó, Tíṣà. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo ń lò. Ìwọ ṣì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń ran aṣọ.

ÈRÒ: Ẹsẹ̀ kan, bàtà méjì. O wọ̀ ọ́ lónìí.

AWAKỌ̀: Ta ló fà á? O ní mo dà bí adìyẹ.

ÈRÒ: Adìyẹ inú òjò ni mo ní.

(Ẹ̀rín. Ti àwa méjèèjì.)

AWAKỌ̀: Ó dáa. Kọ́nà ń bọ̀. Gbọ́ bó ṣe máa kígbe tí mo bá fà á létí.

(Tà-tà. Mẹ́fà di mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì kígbe.)

ÈRÒ: ████████!

(Táyà.)

AWAKỌ̀: Háà. Tíṣà, kí ló—

(                                        )

&nbsp;

4

*Kílọ́ọ̀ṣì.*

Ohun tó wà lábẹ́ dúdú yẹn nìyẹn.

Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò rò ó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń jókòó síbi tí èrò ń jókòó sí, tí ẹ́ńjìnnì á kígbe torí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbàgbé, tí màá sì pariwo. Ogún ìgbà lójúmọ́. Ọgbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì kígbe, ọ̀rọ̀ kan. Mo ti gbàgbé pé ọkọ̀ yìí kò ní in. Mo ti gbàgbé pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wà á. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ.

Ó sì gbọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ jáde lábẹ́ ìjókòó, ó balẹ̀, bí ìgbà tí a wà lórí àpótí. Bíréèkì ọkọ̀ yẹn fẹ̀. Kò lè tàsé ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Bàbá wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀, lóòótọ́. Ó sùn síbẹ̀. Èmi ni mo jí i.

Bàtà yẹn náà. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó fi wọ̀ ọ́.

Wọ́n máa ń ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ fún mi pé ó lè fọ́ orí ẹlòmíì.

Mo fi ọ̀rọ̀ kan pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo sì ń wo bàbá mi tí wọ́n ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ èèyàn ẹgbẹ̀rún méjì.

&nbsp;

N

Ìgbà tí mo fẹ́ sọ:

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bàbá dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ìwọ ṣì wà. Ìwọ ṣì wà." Mi ò lè sọ ọ́ sínú aṣọ wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyàwó wa di ọwọ́ mi mú látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní ọwọ́ mi jọ tiẹ̀.

Lórí lẹ́tà kìíní.

Lórí lẹ́tà kejìlélógún.

Lánàá. Mo ní, "Bàbá, mo ní nǹkan kan láti sọ." Wọ́n ní, "Ṣé gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ lẹ́tà ti tán ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo lọ ra gọ́ọ̀mù.

Ìdí tí mi ò fi sọ, ọ̀kan péré ni: ọmọ kan ló kù fún wọn. Tí mo bá sọ ọ́, mélòó ló máa kù?

&nbsp;

5

ÌDÁNÁ BÀBÁ. Ọjọ́bọ̀. Mi ò gba ohùn sílẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n lórí.

BÀBÁ: Ọ̀gá Jíà wá kí mi. Ó ní ọkọ̀ yẹn ṣì ń rìn bíi ti ọmọ mi.

ÈMI: Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá.

BÀBÁ: Mi ò bi ẹ́ pé kí ni. Ṣé òótọ́ ni?

ÈMI: Òótọ́ ni, sà.

BÀBÁ: Ó ku mélòó?

ÈMI: Kọ́nà kan.

BÀBÁ: Èwo?

ÈMI: (                )

BÀBÁ: Ìyẹn.

ÈMI: Ìyẹn, sà.

BÀBÁ: Lọ́la, kí wọ́n tó nù ún, gbé mi lọ síbẹ̀.

ÈMI: Bàbá, tí mo bá tún wà á débẹ̀, ó lè tán o.

BÀBÁ: Jẹ́ kó tán lójú mi. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Wọ́n jẹ ìdajì búrẹ́dì. Mo jókòó ti wọ́n, mo ń ka bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

&nbsp;

1

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí Bàbá tó lè wọnú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yí ìdí sí i, wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ ni, àbí ìṣáasùn?" Eléyín ì bá ti rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi wúkọ́.

Wọ́n fa bẹ́líìtì. Wọ́n wo ilẹ̀, níbi ẹsẹ̀ wọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìkọ́ni, bíréèkì olùkọ́ ló máa ń wà níbẹ̀.

Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ mi.

"Bọ́ bàtà òsì ẹ."

"Bàbá, mo mọ ọkọ̀ yìí wà."

"Òun náà mọ̀ ọ́n wà. Bọ́ ọ."

&nbsp;

2

Mo bọ́ ọ.

&nbsp;

3

Mo fẹ́ jù ú sẹ́yìn, kò sí ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ yẹn. Bàbá na ọwọ́. "Gbé e wá, kó má lọ yí sábẹ́ bíréèkì." Wọ́n gbé bàtà náà lé itan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé fìlà wọn lé itan nílé ìwòsàn nìyẹn, nígbà tí a ń retí dókítà.

Káàdì yẹn wà nínú ẹ̀.

Mo gbéra. Ẹsẹ̀ ìhòòhò lábẹ́ ìjókòó. Kọ́nà ilé ìkàwé: ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́nà táǹkì omi: ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń tẹ́tí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á wo mí, bíi pé kí n sọ fún wọn pé kò tíì kú.

"Ó ku ibì kan, sà."

"Mo gbọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń pẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó balẹ̀. Mo máa ń kó o lórí. Kí ni mò ń kó ọmọ lórí sí?"

&nbsp;

6

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa. Mo wo dígí lẹ́ẹ̀mẹta.

&nbsp;

4

Kò sí káàdì nínú kámẹ́rà. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí ẹ̀. Èmi àti ẹni tó jókòó tì mí.

ÈRÒ: Ṣé ibí yìí ni?

AWAKỌ̀: Ó ku díẹ̀, Bàbá.

ÈRÒ: Ó dákẹ́ jù.

AWAKỌ̀: Á kígbe.

(Mi ò fa nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fa nǹkan kan.)

(Tà-tà. Mẹ́fà di mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì kígbe.)

ÈRÒ: Kílọ́ọ̀ṣì!

(Ẹsẹ̀ òsì mi já. Ó gbéra lábẹ́ ìjókòó kí n tó mọ̀, ìka ẹsẹ̀ mi gbá irin abẹ́ ìjókòó, ìrora wọ mí dé orúnkún. Kò dé ibi tó ń lọ. Ọkọ̀ wọ kọ́nà, ó jáde nínú kọ́nà. Mo rọra páàkì sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìka ẹsẹ̀ mi.)

(Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà.)

ÈRÒ: Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò rán an.

AWAKỌ̀: Mo mọ̀, Bàbá.

ÈRÒ: Igbe yẹn ni. Mo gbọ́ igbe yẹn, ó ti jáde.

AWAKỌ̀: Mo mọ̀.

ÈRÒ: Ẹsẹ̀ ẹ ń lọ. Mo rí i. Tí mi ò bá pariwo, kò ní lọ.

AWAKỌ̀: Kò ní lọ, sà.

ÈRÒ: Nígbà náà, ti ẹ̀gbọ́n ẹ náà ò ní ṣàdédé lọ.

(Tírélà kan kọjá. Ọkọ̀ mì lábẹ́ wa.)

ÈRÒ: Ẹni méjì péré ló máa ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa. Èmi ò sí nínú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ náà.

AWAKỌ̀:

(Bàtà mi wà lórí itan wọn. Wọ́n ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, títí dé ibi gìgísẹ̀.)